Mo Gbọ́ Ohùn Rẹ̀, Mo Ní N Ò Gbọ́ Nǹkan Kan

Ẹ̀yin ará mi, irọ́ kan ti wà lọ́rùn mi láti ìgbà tí owó euro ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Hamburg fẹ́ fi àwọn ọmọbìnrin tó ń ti ilé bọ̀ wá kàwé sábẹ́ ìtọ́jú ọkùnrin tí mo torí rẹ̀ parọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó gégùn-ún fún mi.

Ohùn ni mo fẹ́ràn láyé. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé mo ra ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì àlòkù kan ní ọjà àlòkù Altona, mo fi gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì tí bàbá mi fi ránṣẹ́ láti Iléṣà. Ariwo kún inú rẹ̀. Mo dín ìró tó nípọn kù, mo gbé èyí tó tínrín sókè díẹ̀. Lójijì, mo gbọ́ ìyá mi lẹ́yìn bàbá mi: "Sọ fún un kó máa wọ súwẹ́tà o!" Bàbá mi ò mọ̀ pé ohùn ìyàwó òun wọ ibẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún. Ọjọ́ náà ni nǹkan yìí wọ̀ mí lẹ́jẹ̀.

Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ẹrù ni mo ń kó ní Harburg, inú ọkọ̀ ojú irin S-Bahn ni mo ti ń kàwé nípa ohùn. Mo mọ̀ pé iná mànàmáná ilẹ̀ Jámánì ń kùn ní àádọ́ta hertz, ìyẹn iye ìgbà tó ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó tún ń kùn ní ọgọ́rùn-ún, ní àádọ́jọ, ó ń gòkè bẹ́ẹ̀. Béèyàn bá gé àwọn ibi yẹn nìkan, ọ̀rọ̀ á yọ. Èmi ni mo ń bójú tó maikirofóònù ṣọ́ọ̀ṣì. "Dókítà Ohùn" ni wọ́n ń pè mí, orúkọ náà sì dùn mọ́ mi.

Ìdí nìyẹn tí arábìnrin kan nínú ìjọ fi wá bá mi. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Ṣadé. Ó ń kàwé ní yunifásítì kan níbí. Olùkọ́ tó ń darí wọn ní láàbù ló ní kó máa gba ẹ̀kọ́ sílẹ̀ sínú ẹ̀rọ, torí èdè Jámánì kò tíì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Lọ́jọ́ kan, àwọn yòókù ti lọ, ẹ̀rọ náà ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú báàgì rẹ̀. Olùkọ́ náà dì í mú, ó fọwọ́ kàn án níbi tí kò yẹ, kò sì fẹ́ jẹ́ kó lọ.

Ṣadé fẹjọ́ sùn ní ọ́fíìsì tó ń gba irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ ní yunifásítì. Wọ́n gbọ́ tirẹ̀ dáadáa, wọ́n ní kó mú ohunkóhun tó bá ní wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde nínú láàbù ti bo gbogbo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀.

"Bọ̀dá, wọ́n ní ẹ mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ ohùn mi jáde."

Mo gbà á tayọ̀tayọ̀. Iṣẹ́ tó le ni, mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá mo lè ṣe é. Ṣadé ò dárúkọ olùkọ́ náà, èmi náà ò bi í. Mo ń gé kíkùn ẹ̀rọ náà díẹ̀díẹ̀. Ohùn obìnrin ló kọ́kọ́ jáde: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fi mí sílẹ̀." Lẹ́yìn náà ni ti ọkùnrin, ní Yorùbá bíi tiwa: "Ta ló máa gbà ọ́ gbọ́?"

Mo mọ ohùn yẹn. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni mo ń tún un ṣe nínú maikirofóònù. Aṣáájú àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa, tó ń kọ́ni ní yunifásítì, ni. Mo máa pè é ní Bọ̀dá Kúnlé. Òun ló ń bá mi kọ lẹ́tà sí Ausländerbehörde, ọ́fíìsì tó ń fún àwọn àjèjì ní ìwé ìgbélùú, kí wọ́n lè jẹ́ kí ìyàwó mi wá bá mi. Ọjọ́ tí wọ́n dá fún wa ti sún mọ́lé.

Kò halẹ̀ mọ́ mi. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé ohùn náà wà lọ́wọ́ mi. Èmi ni mo jókòó, tí mo rò ó, tí mo sì yàn.

Mo sọ fún Ṣadé pé ó ti bàjẹ́, pé kò sí ẹni tó lè yọ nǹkan kan níbẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ kan péré ńkọ́, Bọ̀dá?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé hertz fún un. Gbogbo ìmọ̀ mi ni mo kó jọ kí irọ́ náà lè dúró. Ó gbà mí gbọ́. Ó ní, "Ẹ ṣé sà. Ẹ ṣáà gbìyànjú." Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sinmi.

Ìgbìmọ̀ yunifásítì jókòó. Ṣadé sọ tirẹ̀, ọkùnrin náà sọ tirẹ̀, wọ́n pa ẹjọ́ náà tì. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé ìjọ, àwọn ìyá ìjọ ń sọ pé, "Ṣebí Dókítà Ohùn fetí ara rẹ̀ gbọ́ ọ, kò bá nǹkan kan níbẹ̀! Ọmọ òní, ẹ ò mọ̀ wọ́n." Mo wà nítòsí, mo ń ká wáyà. Ṣadé fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ó kó lọ sí Berlin. Ìyàwó mi dé. A bímọ.

Láìpẹ́ yìí, nígbà tí pásítọ̀ kéde iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n fẹ́ gbé fún Bọ̀dá Kúnlé, mo délé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó mi. Ó bi mí pé:

"Torí kí n lè wá ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Má fi mí ṣe àwáwí o. Èmi ò rán ẹ níṣẹ́."

Mo wọkọ̀ ojú irin lọ sí Berlin. Ilé kọfí kan ní Kreuzberg ni Ṣadé ti ń ṣiṣẹ́. Mo jẹ́wọ́ fún un níbi tó ti ń nu ife.

"Ẹ gbọ́ ọ nígbà yẹn?"

"Mo gbọ́ ọ. Ẹ̀dà rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi."

"Èmi wá ń kí yín pé ẹ ṣé." Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀. "Ẹ dìde jàre, àwọn oníbàárà mi ń wò. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n lé èmi náà níbí ni?" Ó gbé ife náà kalẹ̀. "Ohùn mi ni o. Ẹ fọ̀ ọ́ mọ́ dáadáa, èmi nìkan ni kí ẹ fún. Ṣùgbọ́n irọ́ yẹn, ẹ̀yin lẹ ni ín. Ẹ lọ sọ ọ́ níbi tí ẹ ti pa á."

Mo ti kọ̀wé sí ọ́fíìsì yunifásítì pé mo fẹ́ wá jẹ́wọ́. Mo ń retí èsì wọn. Mo sọ ọ́ fún pásítọ̀, ó ní kí n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àtijọ́ sùn: "Dókítà, ṣé ìjọ lo fẹ́ tú ká?" Àwọn ọmọbìnrin náà kò ní pẹ́ dé. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n dìde lọ́jọ́ Ìsinmi, kí n sọ irọ́ mi lójú gbogbo ìjọ, nígbà tí Ṣadé kò tíì ní kí n dárúkọ òun? Ṣé ẹ rò pé ìdáríjì wà fún irú mi? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ní Sátidé tó kọjá, mo tún ohùn náà fọ̀, gẹ́gẹ́ bí Ṣadé ṣe ní kí n ṣe. Nígbà ẹjọ́ yẹn, Bọ̀dá Kúnlé sọ fún ìgbìmọ̀ pé ilẹ̀kùn láàbù ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ìró irin kékeré kan wà níbẹ̀ tí n kò gbọ́ rí. Mo gbọ́ ọ ní àgbọ́túngbọ́. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ni. Ó yí lẹ́ẹ̀mejì.