Ìwé Ìlànà fún Kọ̀ǹpútà Ẹlòmíràn

Ní Thomas Estate ni mo ti fi takisí mi gbé obìnrin kan àti ọ̀dọ́kùnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́, wọ́n ń lọ bá oníbàárà wọn ní Free Zone, níbi tí àwọn iléeṣẹ́ wà. Ká tó kọjá Ajah, ọmọkùnrin náà ti ń làágùn nínú éésì tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù.

"Àǹtí, àwọn oníbàárà wa tún ti pè. Wọ́n ní àwọn ṣe gbogbo ohun tí mo kọ sínú ìwé ìlànà, kóòdù tí a kọ fún wọn ò kọ̀ǹpáìlì lórí kọ̀ǹpútà Wíńdòsì wọn, kò di nǹkan tó ṣeé lò. Lórí kọ̀ǹpútà Línọ́ọ̀sì tèmi, kíá ló ṣiṣẹ́."

"Kò sẹ́ni tó ń lo Línọ́ọ̀sì lọ́dọ̀ wọn?"

"Ẹnì kan wà, mà. Tiẹ̀ náà kọ̀."

"Á jẹ́ pé ọ̀rọ̀ Wíńdòsì kọ́. Nǹkan kan ti wà lórí láptọ́ọ̀pù rẹ tipẹ́ tí o ò kọ sílẹ̀ fún wọn. Mo júwe ilé fún dírẹ́bà yìí dáadáa, síbẹ̀ àwọn ọlọ́dẹ dá a dúró ní géètì, torí mo gbàgbé láti fi nọ́ńbà ìwọlé tí wọ́n ń bi àlejò ránṣẹ́ sí i. Èmi, wọn kì í bi mí. Ẹni tó ń gbé inú ilé kì í rántí géètì."

Inú ṣì ń bí mi nítorí géètì yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí.

"Yọ gbogbo ohun tí o ti kó sórí tìẹ, kí o fi ìwé yẹn bẹ̀rẹ̀ bí àlejò."

"Àǹtí, ibi kan ṣoṣo tó ti ń ṣiṣẹ́ nìyí. Tí kò bá wá ṣe é ṣe mọ́ ńkọ́?"

"Ṣebí ìwọ lo kọ ìwé náà?"

Fóònù ọmọkùnrin náà tún ń dún. Kò gbé e.

"Èmi ni mo kọ ọ́, mà. Mi ò tẹ̀ lé e rí."