Adìẹ Tó Yarọ

Ọdún tí wọ́n sọ àsíá Faransé kalẹ̀ ni, à ń dúró de ọkọ̀ Àjàṣẹ́ ní Ìfọ̀nyìn. Obìnrin méjì gbé adìẹ dání níwájú mi. Àgbà inú wọn ń lọ bọ òrìṣà. Èyí tó pọnmọ ń lọ dúpẹ́ ọmọ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Màmá ní: "Ìyàwó, adìẹ rẹ mà yarọ o!"

"Ẹ̀yin màmá, Ọlọ́run ò kúkú ní bá a sáré."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Nígbà yẹn, onígbàgbọ́ àti abọ̀rìṣà ṣì jọ ń ṣẹ̀fẹ̀.

Màmá ní: "Èyí tó ń yé ni mo mú ní tèmi. Ọmọ tí Ó fún ọ ńkọ́, òun náà yarọ bí?"

Ìyá ọmọ nawọ́ sẹ́yìn, ó di ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ mú.

Nígbà tí mo bí tèmi, mo wí fún àwọn ará ilé mi pé: "Bí ẹ bá ń lọ dúpẹ́, èyí tó ń yé ni kí ẹ mú."