Àtíálá Inú Àpò Ọdẹ

Ẹyẹ kan ti bá mi jẹ ẹ̀bà nínú abọ́ kan náà rí, òun náà ló sì fọ abọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ nínú mọ́tò kan ní Ìyànà Ọ̀fà lóṣù tó kọjá kò jẹ́ kí n jókòó jẹ́ẹ́ mọ́. Ọmọbìnrin kan tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn ló rí ẹnu ẹyẹ tó yọ jáde látinú àpò ọdẹ tó jókòó tì í.

"Baba, àtíálá nìyẹn. Níbo lẹ ti pa á?"

"Nídìí àràbà ẹ̀yìn oko mi. Ṣé o fẹ́ rà á ni?"

"Òun ni mo ń yà ní fọ́tò láti ọjọ́ yìí. Ìyàwó ẹ̀ ń bẹ nínú igi yẹn."

"Kó fò lọ. Ṣebí ó nápá."

"Kò lè fò. Ó ti fi ẹrẹ̀ dí ẹnu ihò mọ́ ara ẹ̀, ó ń sàba, ìyẹ́ ẹ̀ sì ti re. Ojú ihò kékeré tó kù ni ọkọ ti ń fún un lóúnjẹ."

Ọdẹ rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó tèmi kì í gbélé rárá. Irọ́ ẹ dùn."

Ọmọbìnrin fi fọ́tò hàn án. Ọdẹ wò ó títí. Ó gbé àpò sílẹ̀, ó tún gbé e sórí itan.

"Ta ló wá ń bọ́ ọ báyìí?"

"Kò sẹ́nìkan, Baba."

Awakọ̀ ti ṣáná sí mọ́tò nígbà tí ọdẹ ní òun fẹ́ sọ̀. Ó ti fẹsẹ̀ kan kanlẹ̀ kó tó bojú wẹ̀yìn.

"Ọmọ mi, èso wo ló máa ń gbé lọ fún un?"