Fèrèsé Tí Mo Là Sára Kọ̀ǹpútà Àna Mi

Rárá o, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fún mi! Ẹ ní kí n wọ mọ́tò lọ sí Oǹdó, kí n dọ̀bálẹ̀, kí n bẹ ìyàwó mi kó padà wálé. Ṣé ẹ rò pé n ò tíì lọ ni? Mo ti dọ̀bálẹ̀ ní Oǹdó débi pé àyà mi ti gbẹ́ kòtò sí pálọ̀ wọn. Wọn ò tiẹ̀ ní kí n dìde. Èmi, páńẹ́lì bítà Ìsìkàn ní Àkúrẹ́, tí mo ti na bọ́dì mọ́tò tó tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún, títí wọ́n fi tún dà bí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú ọkọ̀ ojú omi bọ́! Fèrèsé ló sọ mí dà báyìí. Kì í sì í ṣe fèrèsé ilé o. Fèrèsé kọ̀ǹpútà ni.

Ẹ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Àbúrò ìyàwó mi kan wà ní Oǹdó, Káyọ̀dé lorúkọ ẹ̀. Ó ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń bá àwọn èèyàn tẹ ìwé: ìwé ìsìnkú, ìwé ìgbéyàwó, lẹ́tà àwọn tó ń wáṣẹ́. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló ní, òun ló sì fi ń bọ́ ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin. Ọdún tí mò ń wí yìí, ọdún tí ebi ń pa aláǹgbá lára ògiri ni, tí èèyàn máa ń gbé gààrì mọ́yà bí ọmọ tuntun kí ẹlòmíì má baà rí i. Irú ọdún bẹ́ẹ̀ ni Káyọ̀dé gbé kọ̀ǹpútà lé itan nínú mọ́tò, ó gbé e láti Oǹdó wá bá mi ní Àkúrẹ́.

"Bàbá Bùnmi," ó ní, "ẹ bá mi la fèrèsé sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́."

"Fèrèsé? Ooru ń mú un ni?"

"Ó tì o. Káwọn kọ́sítọ́mà lè máa rí inú ẹ̀ ni. Màá fi gílóòbù búlúù síbẹ̀. Fọ́tò irú ẹ̀ ti kún orí fóònù báyìí."

Ẹ gbọ́ mi o! Ọlọ́run dá èèyàn, ó fi awọ bo ìfun ẹ̀, torí ìfun kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi han àlejò. Ta ló rí ewúrẹ́ tí wọ́n la fèrèsé sí níkùn rí? Mo bi í pé ṣé kọ̀ǹpútà ẹ̀ ti kú ni, tó fi ń wá gíláàsì bíi pósí tí wọ́n fẹ́ wojú òkú kẹ́yìn. Àwọn mẹkáníìkì tó wà ní òdìkejì títì di ikùn mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Òun náà kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń yìn. Ṣùgbọ́n àna ni. Ọkùnrin wo ló máa ní ọwọ́ òun dí nígbà tí ará ilé ìyàwó bá gbé iṣẹ́ dé? Bó bá ní kí n la fèrèsé sí òkè Ìdánrè, òòlù ni màá wá.

Ó fún mi lówó kí n fi ra rọ́bà líle kan tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, owó rọ́bà ti di iṣu. Mo jẹ ẹ́, ìyàwó mi náà jẹ ẹ́, a fi omi tẹ̀ ẹ́.

Níbo wá ni mo ti máa rí ohun tó mọ́ gaara? Mo gbójú sókè ní pálọ̀, mo rí fótò ìgbéyàwó wa, gíláàsì iwájú ẹ̀ ń dán. Ó sán díẹ̀ ní igun kan. Bùnmi ọmọ wa ló fi bọ́ọ̀lù gbá a nígbà tó wà ní kékeré, ìyá ẹ̀ sì fi kútẹ́ẹ̀sì pupa kun ojú ibẹ̀ kó má baà sán sí i. Ìyàwó mi wà lọ́jà. Mo yọ gíláàsì. Nígbà tó dé, mo ní ológbò ló já fótò lulẹ̀, mo ti kó àfọ́kù dànù. Ó gbé fótò náà lé itan, ó fi ìdí ìró nu ojú ẹ̀. Ó ní, "Kò burú, Bàbá Bùnmi. Àwa fúnra wa ò ṣáà tíì fọ́."

Ẹ wá gbọ́ ìwà òmùgọ̀ tèmi. Bí wọ́n bá gbé mọ́tò tó kọlu igi dé ọ̀dọ̀ wa, ṣé a máa ń sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ ká tó na bọ́dì ni? Bọ́dì niṣẹ́ wa, kí ẹ́ńjìnnì jókòó jẹ́ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ̀ǹpútà. N ò yọ abẹ́rẹ́ kan nínú ẹ̀. Mo ti giráíndà tá a fi ń gé irin bọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, iná ń ta, ẹ̀rún irin ń rọ̀ wọnú ẹ̀ bí òjò oṣù keje. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ gíláàsì síbẹ̀. Ó wá dùn ún wò! Èmi tí mo fi ṣẹ̀sín, èmi náà ló ń pe aládùúgbò wá wò ó.

Káyọ̀dé gbé e lọ sí Oǹdó, ó tì í bọ iná. Búlúù tàn, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, ló bá dún pàù! Ó kú, tòun tiṣẹ́ gbogbo tó wà níkùn ẹ̀. Ó pè mí lórí fóònù, mo ní, "Iná yín tó ń ṣẹ́jú bí ọmọge yẹn ló jó o. Má fi kan iṣẹ́ mi."

Làwọn ẹbí bá pè wá. Ìyàwó mi kúnlẹ̀ láàárín àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ó ní, "Àwàdà ọkọ mi lè pọ̀ jù, ṣùgbọ́n tó bá ní òun ò bà á jẹ́, kò bà á jẹ́. Mo fi orí mi dúró fún un."

Wọ́n ti pe ọmọbìnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Kò tiẹ̀ tú nọ́ọ̀tì kan. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sójú fèrèsé, ó ní fún ìyàwó mi pé, "Màmá, ẹ sún mọ́bí. Kí lẹ rí?"

Ẹ̀rún irin ló ń dán lórí gbogbo ìfun kọ̀ǹpútà náà, bí iyọ̀ lórí ẹyin sísè. Ká ní irin ṣì bò ó bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ta ni ì bá tètè rí i? Fèrèsé tí mo fọwọ́ ara mi là! Irọ́ tó sá fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa ń lé e bá. Tèmi ò tiẹ̀ sá fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyàwó mi tẹjú mọ́ ọn. Ó wá fi ìka kan igun gíláàsì, níbi tí kútẹ́ẹ̀sì pupa wà.

"Ológbò," ó ní.

Kò bá mi padà wá sí Àkúrẹ́. Oṣù kẹta rèé. Káyọ̀dé ń fi ọ̀kadà gbé èèyàn báyìí. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún mi ní gíláàsì náà, kí n dá a padà sójú fótò. Ìyàwó mi ránṣẹ́ pé kó wà níbẹ̀, kí ẹni tó bá wá máa rí inú. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá ẹ̀ délé; igbá ọ̀hún rèé lórí mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ la fèrèsé sí kọ̀ǹpútà, òmùgọ̀ ni yín, ṣùgbọ́n ẹ kó inú ẹ̀ kúrò kẹ́ ẹ tó gé e. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń purọ́ fún ẹni tó ń fi orí ẹ̀ dúró fún yín, n ò mọ ohun tẹ́ ẹ máa kó kúrò. Ṣé kí n tún lọ lẹ́ẹ̀kẹrin ni? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, torí láti ìgbà tó ti lọ, iná ò tíì jó nídìí ààrò mi... Ẹ dúró ná. Kí ló ń ta sánsán nínú kúlà oúnjẹ yín yẹn? Ẹ bu díẹ̀ fún mi.