Ṣẹ́ẹ̀tì Bàbá Géètì

Ẹ̀yin tí mo pè jọ sí ṣọ́ọ̀bù mi yìí, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Oṣù mẹ́jọ rèé tí mo ti ń gbé e mì, kò lọ. Àbúrò mi, ìwọ ìyá Ẹlẹ́rìn-ín, àti ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé, èmi ni mo fa ọmọ wa lé gbọ́mọgbọ́mọ lọ́wọ́. Kì í ṣe Bàbá Géètì tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé yín.

Ẹ mọ̀ pé èmi ni mò ń rán yunifọ́ọ̀mù ilé-ìwé yín, tí mo sì ń fi òwú pupa kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sí àyà aṣọ rẹ̀, torí àwọn ìyá ní kí aṣọ má baà sọnù. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í polówó lórí ayélujára, ọmọ àbúrò mi ni mo wọ aṣọ sí lọ́rùn. Mo ya fọ́tò rẹ̀, orúkọ hàn ketekete, báàjì ilé-ìwé náà hàn. Mo tún kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹlẹ́rìn-ín mi rèé, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án!" Inú ilé nìkan la ti ń pè é bẹ́ẹ̀. N kò bi àbúrò mi léèrè. Ṣebí ọmọ mi náà ni.

Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Ìyá Ọmọ Mẹ́ta wá ń kọ̀wé sí mi. Ó ní òun fẹ́ mú àwọn ọmọ òun wá sí ilé-ìwé yẹn. Aago mélòó ni wọ́n ń jáde? Mo sọ. Ta ní ń mú Ẹlẹ́rìn-ín lọ sílé? Mo ní ìyá rẹ̀ ni, àfi Ọjọ́bọ̀ tó máa ń dá wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Inú mi ń dùn pé mo rí oníbàárà tó fẹ́ràn ọmọdé. Òmùgọ̀ ni mí!

Ní Ọjọ́bọ̀ kejì, ọkùnrin kan dúró níwájú géètì. "Ẹlẹ́rìn-ín, àǹtí aránṣọ ní kí n wá gbé ẹ, kó o wá wọ aṣọ wò." Ọmọ gbọ́ orúkọ ilé, ó wọ mọ́tò. Bàbá Géètì ló sáré di ilẹ̀kùn mọ́tò náà mú títí ọmọ fi bọ́ sílẹ̀. Orúnkún Bàbá bó, ọkọ̀ náà sì sá lọ.

Nínú ọ́fíìsì, ẹ̀yin ọ̀gá béèrè pé ta ló sọ orúkọ ilé ọmọ náà síta. Àbúrò mi ní, "Àfi àwa ẹbí, àti Bàbá tó ń gbọ́ ọ láàárọ̀ tí mo bá gbé e wá." Gbogbo ojú yí sí Bàbá. Fóònù mi wà nínú báàgì lórí itan mi, ó wúwo bí áyọ́ọ̀nù. Bàbá wò mí, ó ní, "Ẹ̀yin aránṣọ, ẹ̀yin lẹ mọ̀ mí, ẹ bá mi sọ̀rọ̀." Ẹ̀rù bà mí pé àbúrò mi ò ní jẹ́ kí n fojú kan ọmọ náà mọ́. Mo la ẹnu mi, mo ní, "Èmi náà máa ń rí Bàbá tó ń bá àwọn ọlọ́kọ̀ sọ̀rọ̀." Ẹni tó gba ọmọ wa là! Ọjọ́ yẹn gan-an lẹ lé e. Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo pa gbogbo fọ́tò náà rẹ́.

Látìgbà náà ni ibi gbogbo ti há mọ́ mi. Bí fóònù bá dún, mo máa ń dà á dojú délẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó bi mí pé, "Àǹtí, ṣé torí pé mo wọ mọ́tò yẹn ni wọ́n ṣe lé Bàbá?" Mo ní kó lọ jẹun.

Lánàá, Bàbá fúnra rẹ̀ wọlé síbí. Ó fa ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ rẹ̀ yọ nínú ọ̀rá. "Ẹ bá mi tú báàjì yìí kúrò. Mo fẹ́ máa wọ̀ ọ́ ro oko, mi ò fẹ́ káwọn èèyàn máa bi mí léèrè." Bó ṣe fẹ́ jáde, ó yíjú padà: "Ọmọ mi ńkọ́? Ṣó ń rẹ́rìn-ín?" Mo gbé abẹ tí mo fẹ́ fi tú báàjì náà sílẹ̀.

Ṣẹ́ẹ̀tì náà rèé. N kò tú báàjì rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá, mo bẹ̀ yín, ẹ dá a padà fún un pẹ̀lú iṣẹ́ rẹ̀. Èmi yóò kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Fóònù mi rèé. Fọ́tò ti lọ, ṣùgbọ́n ohun tí èmi àti Ìyá Ọmọ Mẹ́ta kọ síra wa ṣì wà níbẹ̀. Ẹ gbé e fún ọlọ́pàá. Ẹ sì bá mi sọ fún àwọn ìyá tó kù pé kí wọ́n wo ohun tó wà láyà ọmọ wọn kí wọ́n tó gbé fọ́tò rẹ̀ síta. Àbúrò mi, n kò ní kó o dárí jì mí lónìí. Pe Ẹlẹ́rìn-ín wọlé ná, ó wà lẹ́nu ọ̀nà. Jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ fún un pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.