Gbogbo Ojú Pápá Ni Mo Ti Gbá Bọ́ọ̀lù, N Kò Ní Àyè Kankan

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ó ti kọjá agbára mi. Bọ́ọ̀lù ni iṣẹ́ mi, òun ni mo fi ń jẹun títí di àìpẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ibo ni mo ń dúró sí lórí pápá, n kò mọ èsì tí kò ní pa mí lára.

Àárín ni mo ti ń gbá a láti kékeré, nínú ọgbà ìṣeré tó wà nítòsí ilé wa ní Upney, níhìn-ín ní ìlú Òyìnbó. Àmọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ń sanwó fún mi, láti ẹgbẹ́ kékeré kan bọ́ sí òmíràn, ibi tí ẹlòmíràn bá ti fara pa ni wọ́n ń fi mí dí. Òní ẹ̀yìn lápá òsì, ọ̀la iwájú. Mo tilẹ̀ ti dúró sí gólì rí. Fẹ́mi, ọ̀rẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ tí mo ti kúrò kẹ́yìn, a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Bro, pílásítà ni ẹ́ jàre! Ibi tó bá ti ya, ibẹ̀ ni wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́." A ó jọ rẹ́rìn-ín. Èmi gbà pé ohun tó tọ́ ni mò ń ṣe. Ṣé ẹni tó bá fi tirẹ̀ sílẹ̀ nítorí ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ kò ní rántí rẹ̀ ni?

Nígbà tó yá, kóòṣì wa, Òyìnbó àgbàlagbà kan, ṣèlérí pé àárín ni màá wà ní Sátidé kan tí ẹgbẹ́ ńlá kan fẹ́ rán ènìyàn wá wò wá. Ìyá mi sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo àwọn ìyá ìjọ wọ sùtánà gbàdúrà fún mi. Bí a ti ń wọ bàtà lọ́jọ́ náà, ẹni tó ń gbá ẹ̀yìn lápá òsì bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Kóòṣì yíjú sí mi. "Ṣé wàá bá mi dí ibẹ̀?" Ẹ̀yin ènìyàn mi, rárá ló kún ọkàn mi! Ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ mi pé ọmọ kì í já àgbà lẹ́nu. Mo dorí kodò, mo dákẹ́. Nílé wa, bí ọmọ bá dorí kodò bẹ́ẹ̀, àgbà mọ̀ pé inú rẹ̀ kò dùn sí i, á ní, "Kí ló dé? Sọ ọ́." Ìbéèrè yẹn ni mò ń dúró dè. Kóòṣì kò bi mí. Ó fọwọ́ gbá mi léjìká, ó ní, "Ọmọ dáadáa. Mo mọ̀ pé o ò ní kọ̀." Ó fi Fẹ́mi sí àárín.

Fẹ́mi gbá a dáadáa, n kò lè purọ́. Òun ni ẹgbẹ́ ńlá náà mú lọ. Nígbà tí sáà parí, kóòṣì pè mí, ó ní òun kò ní gbà mí mọ́, pé ẹni tó ní àyè kan pàtó ni òun ń wá. Háà! Òun tó ń gbé mi káàkiri! Mo ní, "Sà, èyí ò dáa. Àárín ni mo fẹ́ lọ́jọ́ yẹn." Ó wò mí tìyanutìyanu. "O ò sọ fún mi." Kò purọ́. N kò sọ. Ta ni ẹ fẹ́ kí n bá jà?

Ẹrù ni mò ń gbé báyìí ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Creekmouth. Lánàá, kóòṣì ẹgbẹ́ mìíràn pè mí. Ẹni tó ń ṣọ́ gólì wọn ti fara pa. Ṣé mo lè bá wọn dúró títí ara rẹ̀ á fi yá? Ìyá mi ní kí n lọ. "Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, ọmọ mi." Mo ní, "Màámi, ọgbà mélòó ni imú mi fẹ́ wọ̀ ná?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, omi sì lé sí ojú wọn.

Ọ̀la ni kóòṣì yẹn ń retí èsì. Bí mo bá ní àárín ni mo ń gbá, á dúpẹ́, á pa fóònù. Bí mo bá gbà, mo ti mọ bí yóò ṣe parí. Àwọn àgbà kan náà tó kọ́ mi láti dákẹ́ ló ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èwo ni kí n mú nínú méjèèjì? Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe ní kí n ṣe sùúrù.