Ihò Ẹlẹ́rìí

Jókòó, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, má tíì wọ bàtà. Ó ti rẹ̀ mí láti máa gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri, ohun tí o sì sọ láàárọ̀ yìí ti lé mi kan ògiri. O ní dókítà fẹ́ gé kókó tó wà lọ́mú rẹ lọ́jọ́ Ẹtì, ṣùgbọ́n o máa dúró de oògùn tí èmi Àǹtí rẹ ń ṣe. Kò sí oògùn Àǹtí. Kò fìgbà kan sí.

O mọ iṣẹ́ tí mo ṣe. Èébu tó ń hù lára igi jíjẹrà nínú òkun ni mo ń tọ́ sínú ìgò. Ó máa ń ṣe èròjà tín-ín-rín kan tí wọ́n ń pè ní pẹ́putáìdì, a sì ń wá èyí tó lè pa jẹjẹrẹ. Ìyá rẹ, aránṣọ ẹlẹ́fẹ̀, máa ń ní, "Àwọn èèyàn ń sá fún èébú, ìwọ ń fún èébu lóúnjẹ." Ọtí líle la fi ń yọ oje èébu náà. Nítorí náà, nínú àwo oníhò tí a ń kó sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ sí, a máa ń ya ihò mẹ́jọ sọ́tọ̀ tí à ń pè ní ẹlẹ́rìí. Ọtí nìkan la ń kán sí wọn, kí wọ́n lè jẹ́rìí bóyá ọtí ló pa sẹ́ẹ̀lì, àbí oje. Èmi kán omi sí ẹlẹ́rìí. Àṣìṣe ni, iṣẹ́ ti wọ̀ mí lọ́rùn. Oje pa gbogbo sẹ́ẹ̀lì, ẹlẹ́rìí yè, ọ̀gá mi fò sókè, ó ké sí àwọn oníròyìn. Lẹ́yìn oṣù méjì, mo dá a tún ṣe, mo kán ọtí bó ṣe yẹ. Ẹlẹ́rìí kú pátá bíi tàwọn yòókù. Ọtí ló ń pa wọ́n, oje wa ò ṣe nǹkan kan. Mo fọ àwo náà, n ò sọ fún ẹnì kankan, mo lọ jẹun. Mo tiẹ̀ jẹun yó, èmi náà!

Ká ní ibẹ̀ ló mọ, ǹ bá pè é ní ìtìjú lásán. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìyá rẹ wá sí yàrá mi, tó mú ọwọ́ mi kan kókó abẹ́ aṣọ rẹ̀. "Wọ́n ní àwọn máa gé e. Mo sì rí ọ nínú ìwé ìròyìn. Ṣé kí n dúró dè ọ́?" Òótọ́ náà ò ju gbólóhùn kan lọ. Mo wo ojú ẹni tó fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán mi níléèwé, mo ní, "Ẹ dúró, ẹ̀gbọ́n mi. Kò ní pẹ́." Oṣù mọ́kànlá ló fi dúró. Títí ó fi kú ló ń sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì pé, "Àbúrò mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ẹ̀." Nígbà tó yá, àwọn ẹlòmíràn tún un ṣe, wọn ò rí nǹkan kan, iṣẹ́ náà sì kú jẹ́ẹ́. Nílé níbí, mo ṣì ń sọ fún yín pé a wà lẹ́nu ẹ̀.

Àwọn kan ń wá irú oògùn yìí tọkàntọkàn, bóyá wọ́n á rí i lọ́jọ́ kan. Ọmú rẹ ò lè dúró dè wọ́n. Má dárí jì mí lónìí, kò sáyè ẹ̀. Lọ kí wọ́n gé e. Tí ojú ọgbẹ́ bá ti jinná, padà wá, kó o béèrè ìyá rẹ lọ́wọ́ mi. Bí mo ṣe dàgbà tó yìí, màá kúnlẹ̀ fún ọ.